Oúnjẹ ìgbafẹ́ tí àgbà á jẹ, tí ọmọdé náà á jẹ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin ará Àbújá

Ìyá_Ìbejì_Kubwa

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wò ó.

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo ẹbí ọkọ mi tó wà ní Àbújá àti Sùlèjá fẹ́ pàdé létí adágún Jabi láti gbafẹ́. Àgbà mẹ́jọ, ọmọ mọ́kànlá. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì, èyí tó dàgbà jù ti pé mẹ́tàlá. Ìyá ọkọ mi náà ń bọ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, eyín wọn kò sì pé mọ́. Èmi ni wọ́n gbé oúnjẹ lé lọ́wọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ti ọdún tó kọjá. A gba alásè kan, ó se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó dùn lẹ́nu àwa àgbà, àmọ́ ata rodo inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn ọmọ fẹnu kàn án, ẹkún sọ. Bísíkíìtì àti mínírà ni wọ́n jẹ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tí a délé ni ọmọ mi ọkùnrin sọ fún mi pé, "Màámi, ebi ti ń pa mí láti àárọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi dòní.

Mi ò fẹ́ se ìkòkò méjì, ọ̀kan fún àgbà, ọ̀kan fún ọmọdé. Oúnjẹ kan náà ni mo fẹ́ kí gbogbo wa jọ jẹ. A ò ní dáná níbẹ̀, kò sì síbi tí a ti máa gbé oúnjẹ gbóná. Kí ni kí n sè?

Ọmọ_Ìkọ̀lé_Lugbe

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá pa jọ̀lọ́ọ̀fù tì. Tàtàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà nìkan ni kí ẹ fi se é. Ata rodo, ẹ dín in sọ́tọ̀ pẹ̀lú epo àti àlùbọ́sà, kí ẹ dà á sínú ìgò kékeré tó ní ìdérí. Àgbà tó bá fẹ́ ata á bu ata lé tirẹ̀. Bí a ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ líle, ẹnikẹ́ni kò sì ráhùn rí.

Àǹtí_Alásè_Gwarinpa

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń sè fún àwọn tó ń lọ gbafẹ́ nínú Àbújá yìí. Mo fara mọ́ ọn pé kí ata dá dúró. Àmọ́ ìrẹsì? Rárá o. Ọyẹ́ ló wà níta. Láàárín ogún ìṣẹ́jú tí ẹ bá ti bù ú sáwo, afẹ́fẹ́ ti fa omi ara rẹ̀ tán, hóró kọ̀ọ̀kan á le bí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn ọmọ á dà á sórí ẹní, èèrà á dé, eruku á bà lé e. Ẹ tún máa ru àwo mọ́kàndínlógún àti ṣíbí mọ́kàndínlógún lọ, ẹ ó sì rù wọ́n bọ̀ ní dídọ̀tí.

Oúnjẹ ìgbafẹ́ tó dáa ni èyí tí ọwọ́ kan lè mú, tí kì í dà sílẹ̀, tó jẹ́ pé bó tutù, ó ṣì dùn. Èyí ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé mọ́ínmọ́ín ni olórí. Mọ́ínmọ́ín eléwé ni mò ń wí, kì í ṣe ti agolo, kì í ṣe ti náílọ̀nù. Ewé yẹn ni àwo rẹ̀, ewé náà ni ìdérí rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ tán á ká ewé rẹ̀, á jù ú sínú àpò ìdọ̀tí, ó parí.

Ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é kí ìkòkò kan lè tó gbogbo ilé. Ẹ̀wà tí mo bó dáadáa, èmi a lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé àti àlùbọ́sà nìkan. Kò gbọdọ̀ sí rodo níbẹ̀ rárá. Èmi a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó, n ó sì fi ìgbákọ lù ú títí á fi fúyẹ́, torí mọ́ínmọ́ín tí a kò lù dáadáa máa ń le bó bá tutù, ìyá àgbà kò sì ní lè jẹ ẹ́. Ti àwọn ọmọ ni mo kọ́kọ́ máa ń pọ́n sínú ewé. Ìgbà tí tiwọn bá pé, èmi a wá da rodo lílọ̀ sínú èyí tó kù, n ó pọ́n ti àgbà. Kí ọwọ́ má baà ṣì í mú, ti àgbà ni mo máa ń fi fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo ya lára ewé so níbàdí. Ti ọmọdé kì í ní okùn. Inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn á ti jinná.

Ẹja tó léegun kò gbọ́dọ̀ wọ inú ti ọmọ ọdún méjì. Ẹyin sísè tí ẹ gé wẹ́wẹ́ ti tó.

Kóńgò ẹ̀wà kan (ohun tí wọ́n ń pè ní múdù lọ́jà ibí) máa ń fún mi ní bí ọgbọ̀n ewé kéékèèké. Fún èèyàn mọ́kàndínlógún, ẹ se kóńgò kan ààbọ̀. Ìdájí ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sè é, kì í ṣe alẹ́ àná.

Alájà_Sùlèjá

Àǹtí Alásè, o káre láéláé. Ìyá Ìbejì mi, fi másà kún un. Ọmọ Ìlọrin ni mí, mi ò tíì dé Sùlèjá tí mo ti ń jẹ másà, ìyẹn wáínà. Níbi tí a wà lókè yìí, ibo lo fẹ́ yí sí tí o kò ní rí ìrẹsì tùwó?

Rẹ ìrẹsì náà láti àárọ̀ ọjọ́ Fúráìdé. Bù bí ife kan sẹ́yìn, kí o sè é kó rọ̀ dáadáa, kó sì tutù, kí o wá lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ èyí tó rẹ. Fi yíìsì àti ṣúgà díẹ̀ sí i, dé e, kí o fi í sílẹ̀ mọ́jú. Bó bá di ìdájí Sátidé, ìwọ fúnra rẹ á rí i pé ó ti wú, ó ń hó wuruwuru lójú, òórùn rẹ̀ á sì máa ta bíi ti ògì tó kan díẹ̀. Fi iyọ̀ sí i. Kán òróró sínú ihò tandà kọ̀ọ̀kan (tandà ni àwo oníhò tí a fi ń dín másà), bu ìrẹsì sí i, bí ìdí rẹ̀ bá ti pọ́n, fi ṣíbí yí i padà. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé gba ọ̀kan gẹ́ẹ́.

Àwọn ọmọ á fi ṣúgà tàbí oyin jẹ ẹ́. Àwọn àgbà á fi yajì, ìyẹn ata súyà, jẹ ẹ́. Oúnjẹ kan, adùn méjì. Ìyá àgbà tí kò ní eyín á jẹ ẹ́ láìsí wàhálà, torí inú rẹ̀ rọ̀ bíi fóòmù.

Bàbá_Nyanya

Ẹ kú ìjíròrò. Gbogbo ẹ̀wà àti ìrẹsì tí ẹ ń sọ yìí dára, ṣùgbọ́n ẹran ńkọ́? Ọdún 2003, nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá ṣí Millennium Park ní Maitama, mo ti wà nínú ìlú yìí, mo sì ti gbafẹ́ níbẹ̀ àìmọye ìgbà. Ibi tí kò bá ti sí ẹran, àwa ọkùnrin kì í pẹ́ dìde.

Súyà dára, ṣùgbọ́n oúnjẹ alẹ́ ni. Èyí tí ẹ bá rà lálẹ́ ọjọ́ Fúráìdé, tó bá fi di ọ̀sán Sátidé, ọ̀rá rẹ̀ á ti dì mọ́ bébà, á le. Kílíshí ni kí ẹ rà. Ẹran màlúù tí wọ́n là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí aṣọ, tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọ́n fi kúlíkúlí lílọ̀ àti àwọn èròjà kùn, tí wọ́n tún sá, kí wọ́n tó fi iná yan án. Omi ti tán lára rẹ̀, ìyẹn ni kì í fi í bàjẹ́ bọ̀rọ̀.

Fún àwọn ọmọ, dànbú náma. Ẹran ni wọ́n sè, tí wọ́n gún, tí wọ́n sì dín títí tó fi gbẹ tó sì rí fẹ́rẹ́gẹ́fẹ́rẹ́gẹ́ bí òwú. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé kó má fi ata sí i. Ọmọ ọmọ mi obìnrin máa ń wọ́n ọn sórí búrẹ́dì, á pa á dé, á máa jẹ ẹ́ lọ. N kò rí ẹran tí ọmọdé fẹ́ràn tó ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Karu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ìgbà ọyẹ́ yìí ni a máa ń gba àwọn ọmọ tí inú ń run lẹ́yìn ayẹyẹ.

Ẹ kó èyí sọ́kàn: oúnjẹ tó yẹ kó gbóná, kó gbóná dáadáa, èyí tó yẹ kó tutù, kó tutù dáadáa. Àárín méjèèjì, ìyẹn lílọ́wọ́ọ́wọ́, ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i. Oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ níta ju wákàtí méjì lọ. Bí ooru bá ti ju 32°C lọ, wákàtí kan péré ni. Òwúrọ̀ ọyẹ́ Àbújá máa ń tutù, èyí ló ń tàn wá jẹ, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán rẹ̀ máa ń kọjá ìwọ̀n yẹn dáadáa, ẹ̀yìn ọkọ̀ tí a tì pa sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú búùtù.

Ìrẹsì ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa irúgbìn rẹ̀ tán. Bí ìrẹsì bá wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, irúgbìn yẹn á jí, á sì tu oró sínú rẹ̀, ẹ tún un gbé gbóná títí, oró náà kò ní kúrò. Sàláàdì tí ẹ ti po mayonnaise mọ́ láti ilé náà, ẹ fi sílẹ̀.

Mọ́ínmọ́ín tí Àǹtí Alásè wí dára. Gbàrà tí ẹ bá ti gbé e kúrò lórí iná ni kí ẹ kó o sínú kúlà tó mọ́, ẹ tẹ́ ewé sísàlẹ̀, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì mímọ́ bò ó lójú, kí ẹ pa á dé, kí ẹ má sì ṣí i títí ẹ ó fi débẹ̀.

Nǹkan méjì yòókù. Ẹ̀pà odidi kì í ṣe ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó lè há a lọ́fun. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò sì gbọdọ̀ jẹ oyin. Mo mọ̀ pé èyí tó kéré jù lọ́dọ̀ yín ti pé méjì, ṣùgbọ́n ẹlòmíì náà ń kà á.

Ìyá_Ìbejì_Kubwa

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo máa ń kó oúnjẹ sí láti àárọ̀, n kò mọ̀ rárá.

Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn dòdò, ṣé mo lè dín in dání? Kí ni ká sì mu? Mi ò fẹ́ kí mínírà tún jẹ́ oúnjẹ ọmọ lọ́dún yìí.

Àǹtí_Alásè_Gwarinpa

Dòdò kò lè ba yín débẹ̀. Bó bá ti tutù, á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, òróró á máa ṣàn lọ́wọ́ ọmọ. Ìpékeré ni kí ẹ ṣe. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa pọ́n, tí kò tíì rọ̀: ẹ gé e fẹ́lẹ́, ẹ dín in kó gbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í. Bí ẹ bá dì í ní gbígbóná, á rọ̀, kò ní gbẹ mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Sàmárù

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Zaria ni mo wà, nítòsí yunifásítì. Ohun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé lọ sóde ni àwárà, èyí tí àwọn ará ilé máa ń pè ní bẹ́sìkẹ́, wàrà tí a fi ẹ̀wà sóyà ṣe. Kò wọ́n. Ẹ gé e ní igun mẹ́rin mẹ́rin, ẹ rì í sínú ẹyin tí ẹ pò, ẹ dín in. Ọmọdé á jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, àgbà á tọ́ yajì tí Alájà wí sí i. Àwọn àbúrò mi kékeré ò mọ̀ pé ẹ̀wà ni àwọn ń jẹ.

Alájà_Sùlèjá

Ti ohun mímu: zóbò. Ṣebí òdòdó ìṣápá pupa náà ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé funfun ni àwa ń fi se ọbẹ̀ nílé, pupa ni wọ́n ń mu níbí. Se é pẹ̀lú èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó kó lè dùn láìfi ṣúgà púpọ̀ sí i. Atalẹ̀ ló ń ta ọmọ lọ́fun, nítorí náà, sẹ́ ti àwọn ọmọ kúrò kí o tó gbo atalẹ̀ sí ti àgbà. Kó o sínú ìgò, má kún un dé ẹnu, kí o gbé e sínú fírísà mọ́jú. Òun fúnra rẹ̀ ni á mú kúlà èso yín tutù ní àárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, á ti yọ́ tó mímu. Bí iná bá lọ, ra omi dídì lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á.

Kúnù àyá náà dùn. Òfíò, àgbọn àti dàbínù ni wọ́n ń lọ̀ pọ̀, ó sì ń yó ọmọ. Àmọ́ kì í fara da oòrùn.

Ọmọ_Ìkọ̀lé_Lugbe

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ nípa ìrẹsì, mo sì gbà. Síbẹ̀, bàbá mi, bí wọn kò bá rí ìrẹsì, wọ́n á ní àwọn ò tíì jẹun. Irú wọn á wà nínú ẹbí Ìyá Ìbejì náà. Ẹ bá mi wá ọgbọ́n sí i.

Nọ́ọ̀sì_Karu

Ẹ bù ú ní gbígbóná gidi sínú fúláàsìkì oúnjẹ, èyí tí ẹ ti fi omi híhó yọ́ inú rẹ̀ gbóná ṣáájú. Díẹ̀ ni kí ẹ gbé o, ìwọ̀nba ti ẹni tí kò lè ṣe kó má jẹ ìrẹsì. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ. Èyí tó bá kù, ẹ má gbé e padà wálé.

Bàbá_Nyanya

Ẹ má gbàgbé èso. Wọtamẹ́lọ́ọ̀nù pọ̀ lójú títì lásìkò yìí. Ẹ gbé e lódidi, níbẹ̀ ni kí ẹ ti gé e. Èyí tí a gé láti ilé máa ń fà lómi, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá_Ìbejì_Kubwa

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o! Àná la lọ. Mo ní kí n tètè jábọ̀ kó tó di pé mo gbàgbé.

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo jí. Ewé mọ́ínmọ́ín mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo rí. Mo so ti àgbà níbàdí gẹ́gẹ́ bí Àǹtí Alásè ti wí, mo sì ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé èyí tó bá ní okùn kì í ṣe tiwọn. Ẹ wò ó, ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn, olókùn ló lọ mú! Ó ní òun kì í ṣe ọmọdé mọ́. Omi jáde lójú rẹ̀, àmọ́ ó jẹ ẹ́ tán, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún un. Látìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ló jókòó sí.

Ohun tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni ti ìyá ọkọ mi àti ọmọ kékeré yẹn. Ewé kan náà ni wọ́n jọ ṣí. Màmá á bù fún un, á fi èyí tó kù lẹ́nu ìka sẹ́nu ara wọn. Ewé mẹ́ta ni àwọn méjèèjì jẹ. Mi ò rí i kí Màmá jẹun tó bẹ́ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dé Àbújá.

Másà tán kí n tó jókòó. Mo dín bí ogójì, ọ̀kan ṣoṣo ló kàn mí. Ìpékeré àti kílíshí ni àwọn ọkùnrin ń jẹ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwárà ni mi ò ráyè ṣe. Ìrẹsì inú fúláàsìkì, èèyàn méjì péré ló bù ú, mo sì da ìyókù nù bí Nọ́ọ̀sì ti wí.

Ohun kan bàjẹ́: ìgò kúnù àyá kan tí mo gbàgbé síta kúlà. Ìgbà tí a fi ṣí i, ó ti ń hó, ó ti kan. A ò jẹ́ kí ọmọ kankan tọ́ ọ wò. A tún gbé wọtamẹ́lọ́ọ̀nù àti ọ̀bẹ, a ò gbé pátákó tí a máa gé e lé, ìdérí kúlà la fi ṣe é.

Mínírà kò wọlé o. Zóbò ló gba ipò rẹ̀.

Alájà, ẹ jọ̀ọ́, tandà aládùúgbò mi ni mo yá. Àwọn ìbejì ti ń bi mí pé ọjọ́ wo ni a tún máa ṣe másà. Mo fẹ́ ra tèmi. Irú èwo ni kí n rà?

Alájà_Sùlèjá

Ẹ kú àjẹyó, ọmọ mi. Onírin tó wúwo ni kí o rà, èyí tó ní ihò méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, má ra èyí tó fẹ́lẹ́, á máa jó másà nídìí kí inú rẹ̀ tó jinná. Kí o tó lò ó nígbà àkọ́kọ́, fọ̀ ọ́, gbé e kaná, fi òróró àti iyọ̀ ra gbogbo ihò rẹ̀, jẹ́ kó gbóná títí á fi rú èéfín, kí o nù ún. Ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, má fi ọṣẹ kàn án mọ́, aṣọ ni kí o máa fi nù ún. Másà mẹ́ta àkọ́kọ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ fúnra rẹ̀.